Alága Tó Fọ Káàdì Fọ́tò

Ẹni tó bá ní òun ò mọ Àlàájì Lùkúmọ̀n Agbájẹlọ́lá ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹ má yẹ ojú rẹ̀ wò, etí rẹ̀ ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò, ó ti di. Ọkùnrin náà kì í dé ibì kan kí ariwo orúkọ rẹ̀ má ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Òun ni Alága Àjọ Ìtura Ará Ìlú, àjọ kan tó ní yàrá mẹ́rin lókè pẹ́tẹ́ẹ̀sì ní Olówógbowó, tó ní tábìlì mẹ́fà, akọ̀wé kan, àti àwòrán Alága mọ́kànlélógún lára ògiri. Ìtura tí àjọ náà ń pín kò tíì hàn lára ará ìlú, ṣùgbọ́n ó ti hàn lára Alága. Ọrùn rẹ̀ ti di ìpele mẹ́ta.

Láràárọ̀, bí ó bá ti ń gun pẹ́tẹ́ẹ̀sì bọ̀, Bashiru akọ̀wé rẹ̀ á ti dúró lókè, á máa ké oyè kọ̀ọ̀kan sí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Àtẹ̀gùn méjìlá ni. Oyè Alága kò tó méjìlá nígbà tó kọ́kọ́ débẹ̀, nítorí náà ó wá oyè kún un. "Ọlọ́lá jùlọ!" Ẹsẹ̀ kan. "Ìmọ́lẹ̀ Olówógbowó!" Ẹsẹ̀ kejì. "Ìrọ̀rí àwọn opó!" Ẹsẹ̀ kẹta. Lọ́jọ́ tí Bashiru bá gbàgbé ọ̀kan, Alága á dúró sójú kan, ẹsẹ̀ kan lókè, ẹsẹ̀ kan nísàlẹ̀, bí adìyẹ tí òjò pa, títí oyè náà á fi dé.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tí ọkàn Alága ń fẹ́ láyé. Àga kan ni. Ìkòyí ni àga náà wà, ní ọ́fíìsì àjọ àgbà tó ń ṣe olórí gbogbo àjọ kéékèèké bíi tirẹ̀. Ẹni tó ń jókòó síbẹ̀ ti fẹ̀yìn tì, àga sì ṣófo. Wọ́n sọ fún Alága pé àga náà ń yí po. Láti ọjọ́ tó ti gbọ́ pé ó ń yí po, oúnjẹ ò dùn lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Bó bá jókòó sórí àga onígi tirẹ̀, á máa yí ìdí díẹ̀díẹ̀, sọ́tùn-ún, sósì, kí ara rẹ̀ lè ti mọ́ ọn.

Kí wọ́n tó lè gbé e dé àga yìí, iṣẹ́ kan péré ni wọ́n ní kó ṣe. Ìkòyí kó ogún ẹ̀rọ ìránṣọ ránṣẹ́, kó pín in fún ogún obìnrin Ìsàlẹ̀ Èkó. Ní Ọjọ́bọ̀, àwọn ará Ìkòyí á wá wo fọ́tò obìnrin kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ẹ̀rọ tirẹ̀. Bí fọ́tò bá pé, àga di ti Alága.

Ogún ẹ̀rọ náà dé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìyàwó kékeré Alága ti ń ronú láti dá ilé ẹ̀kọ́ aránṣọ sílẹ̀, ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé ẹni tí kò tura nínú ilé ara rẹ̀ kò lè fi ìtura fún ará ìlú. Mọ́kàndínlógún nínú ẹ̀rọ náà ló wọ yàrá ìsàlẹ̀ ilé àna rẹ̀ ní Ẹnu Ọ̀wá, wọ́n fi tapólì bò wọ́n. Ó ku ẹyọ kan. Alága wò ó lọ wò ó bọ̀. Ó ní fọ́tò kì í ka iye. Bí ẹ̀rọ kan bá fara hàn nínú ogún fọ́tò, ogún ẹ̀rọ nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe to àwọn obìnrin sí agbo ilé kan ní Ẹnu Ọ̀wá ní ọjọ́ Ajé. Onífọ́tò tí wọ́n pè ni Sàfúrátù, obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní ìkángun àdúgbò náà. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́, láti ayé yàrá òkùnkùn àti gílóòbù pupa, kò sì sí ohun tó ń jẹ́ kámẹ́rà tí ọwọ́ rẹ̀ ò tíì tú palẹ̀. Alága á gbé ọwọ́ lé ẹ̀rọ lápá kan, obìnrin á gbé ọwọ́ lé e lápá kejì, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Kámẹ́rà á ṣẹ́jú. Bashiru á gbé ẹ̀rọ rù, á gba ẹ̀yìn ilé yí po, á tún gbé e wọlé láti apá kejì, á ní, "Òmíràn ti dé o!"

Ìka Sàfúrátù ò kúrò lórí kámẹ́rà. Bó ṣe ń ya èyí tí wọ́n fẹ́, bẹ́ẹ̀ ló ń ya èyí tí wọn ò fẹ́. Nígbà tí Alága ṣàkíyèsí, ó wá dúró tì í lẹ́yìn, ó ń nawọ́ sójú kámẹ́rà. "Èyí tí Bashiru ti gbé e rù yìí, pa á rẹ́. Èyí náà, pa á rẹ́. Èyí ńkọ́? Pa á rẹ́!" Sàfúrátù ń pa wọ́n rẹ́ lójú rẹ̀.

Nígbà tó kan Mama Àdìjátù, àgbà agbo ilé náà, ọ̀rọ̀ dojú rú. Wọ́n ya fọ́tò tán, Bashiru nawọ́ sí ẹ̀rọ, ìyá àgbà náà sì dì mọ́ ọn.

"Ẹ ní tèmi ni. Mo ti gbà á. Ọlọ́run á bùkún yín. Ó dàbọ̀."

"Mama, ẹ fi sílẹ̀, fọ́tò lásán ni," ni Bashiru wí.

"Ṣé ẹ̀rín lásán ni mo rín náà ni?"

Ó di ìjàkadì. Alága fúnra rẹ̀ fa ẹ̀rọ lápá kan, ìyá fà á lápá kejì, fìlà Alága já bọ́, ẹnu rẹ̀ là gbàgà bí ẹnu ìkòkò. Kámẹ́rà ṣẹ́jú. "Pa á rẹ́!" ni Alága kígbe kó tó ṣa fìlà rẹ̀ nílẹ̀.

Bí fọ́tò ogún ṣe pé báyìí, Alága ò lè mú sùúrù mọ́. Iná pupa kékeré kan ń ṣẹ́jú lára kámẹ́rà. Sàfúrátù ní, "Àlàájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró díẹ̀." Alága ti ṣí ìdí kámẹ́rà, ó ti fa káàdì kékeré tó ń gba fọ́tò sínú yọ, ó ti jù ú sápò. "Ìtàn Èkó ti wà lápò mi," ló wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí Bashiru ki káàdì bọ kọ̀ǹpútà lọ́fíìsì, ìtàn Èkó ò ṣí. Fọ́tò púpọ̀ ò tilẹ̀ jáde rárá, kọ̀ǹpútà ní òun ò mọ ohun tí wọ́n jẹ́. Mẹ́ta ló gbìyànjú. Nínú àkọ́kọ́, fìlà Alága àti iwájú orí rẹ̀ hàn kedere, láti imú lọ sísàlẹ̀ ó di eérú. Ìkejì là sí ọ̀nà bíi mẹ́jọ, ó rí gbágungbàgun bí àdìrẹ tí ọmọ àkọ́kọ́ṣẹ́ rẹ. Nínú ìkẹta, orí Alága ló jókòó sórí ìró Mama Àdìjátù.

"Bashiru, kí nìyí?"

"Sà, bóyá ẹ̀rù yín ló ń ba fọ́tò náà."

Ọ̀rọ̀ náà tu Alága nínú díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tún fọ́tò ṣe. Ó ránṣẹ́ pe Sàfúrátù.

"Sàfúrátù, kí lo ṣe sí ojú mi?"

"Àlàájì, n ò ṣe nǹkan kan sí i o. Bẹ́ ẹ ṣe gbé e wá ni mo ṣe yà á."

"Orí mi wà lára aṣọ obìnrin!"

"Iná pupa yẹn ló fà á. Kámẹ́rà ṣì ń kọ fọ́tò sínú káàdì lẹ bá fà á yọ. Ẹni tó já ìwé gbà lọ́wọ́ akọ̀wé níbi tó ti ń kọ ọ́, ṣé ó yẹ kó bínú pé gbólóhùn ò parí?"

"Alága kì í dúró de iná."

"Lójú títì, ẹ kì í dúró lóòótọ́. Inú káàdì ni ò mọ sáírénì."

Bashiru fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó yí i sí ikọ́.

Sàfúrátù fara balẹ̀, ó ṣàlàyé fún wọn bí ẹni ń kọ́ ọmọdé lálífábẹ́ẹ̀tì. Ó ní àwọn fọ́tò náà kò sọnù, pé ìwé tó ń júwe ibi tí wọ́n wà ló dàrú. "Ẹ ṣe bí ẹni pé ẹnì kan yọ nọ́ńbà gbogbo ilé tó wà láti ibí dé Ẹnu Ọ̀wá. Ilé ò wó. Àlejò ni ò ní mọ ibi tó máa kàn. Ẹ má ya fọ́tò mìíràn sí i. Bí káàdì bá ní kẹ́ ẹ fọ́mátì òun, ìyẹn kẹ́ ẹ nu gbogbo inú òun nù, ẹ má gbà fún un. Ẹ fún mi kí n gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kọ̀ǹpútà mi á máa kàn wọ́n nílẹ̀kùn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á jáde."

Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n kì í wọ etí tí oyè méjìlá ti dí.

"Kí ojú Alága lọ sùn ní ṣọ́ọ̀bù tí ewúrẹ́ ń sùn sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀? Bashiru! Lọ fi àgádágodo sí ṣọ́ọ̀bù yẹn. Kò gbọdọ̀ ṣí títí ojú mi á fi padà."

Bí Sàfúrátù ṣe dé ṣọ́ọ̀bù, ó bá àgádágodo àjọ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, àti ìwé kan tí Bashiru lẹ̀ mọ́ ọn: A TI ṢỌ́Ọ̀BÙ YÌÍ PA NÍTORÍ OJÚ ALÁGA TÓ RẸ́ MỌ́ ỌN LỌ́WỌ́. Gbogbo ẹni tó kà á ló ń béèrè pé, "Ìgbà wo lojú Alága rẹ́?" Àwọn kan tilẹ̀ lọ kí i kú ìnira.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Ìgbìmọ̀ Ìwádìí lórí Ọ̀ràn Káàdì jókòó. Alága ni alága ìgbìmọ̀, Bashiru ni gbogbo àwọn tó kù.

"Ìpàdé ti bẹ̀rẹ̀," ni Bashiru wí. "Mo fara mọ́ gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ, sà."

"N ò tíì sọ nǹkan kan."

"Ìyẹn gan-an ni mo fara mọ́."

Alága fi àgbọ̀n lé ọwọ́, ó ronú títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Lójijì ó rántí ìgbà èwe rẹ̀, nígbà tí Jimoh bàbá rẹ̀ máa ń kó wọn lọ ya fọ́tò nígbà ọdún Iléyá. Bí wọ́n bá padà lọ gbà á, onífọ́tò á ní, "Ẹ padà wá lọ́jọ́ kẹrin, a ò tíì fọ̀ ọ́." Ẹ̀yin náà rántí. Ọ̀rọ̀ náà ṣì wà lẹ́nu wa dòní. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí sínú fóònù pàápàá ṣì ń ní àwọn fẹ́ lọ fọ fọ́tò, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀kán omi kan kì í kan fọ́tò wọn.

"Bashiru! Fọ́tò inú káàdì yìí, ta ló fọ̀ ọ́?"

"Sà, kò... kò sẹ́ni tó fọ̀ ọ́."

Alága dìde. Ó na ìka sókè. "Fọ́tò tí a kò fọ̀, báwo ni yóò ṣe mọ́?"

"Háà!" Bashiru dọ̀bálẹ̀. "Ọgbọ́n yìí pọ̀ jù fún Olówógbowó, sà. Ti Ìkòyí ni!"

Wọ́n fi aṣọ pupa bo fèrèsé, kí yàrá lè dà bí yàrá òkùnkùn ayé ọjọ́un. Bashiru gbé bàsíà wá. Alága kọ omi ẹ̀rọ, ó ní omi inú ìgò tí wọ́n fi ń ṣe àlejò ló yẹ ojú òun. Wọ́n ṣí ìgò mẹ́ta dà sínú bàsíà, wọ́n ré ọṣẹ olóòórùn dídùn sí i. Alága ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀, ó mú káàdì tí kò ju èékánná lọ, ó ń fi ìka méjì ra á nínú omi bí ẹni ń fọ ìbọ̀sẹ̀ ọmọ tuntun. Bashiru ń ké oyè. Wọ́n ṣan án lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n sì fi píìnì aṣọ há a sórí okùn tí wọ́n ta láti ojú fèrèsé dé ojú ilẹ̀kùn, kó máa gbẹ láàárín àwòrán mọ́kànlélógún.

Wọ́n wá jókòó tì í, wọ́n ń retí kí ojú jáde. Wákàtí kan kọjá. Alága gbé awò tó ń sọ nǹkan di ńlá fún Bashiru.

"Wò ó dáadáa. Kí lo rí?"

"Mo... mo ń rí fìlà yín, sà!"

"Alhamdulillah! Ẹ̀gbẹ́ wo ló tẹ̀ sí?"

"Ẹ̀gbẹ́ òsì, sà."

"Irọ́ ni. Ọ̀tún ni mo gẹ̀ ẹ́ sí lọ́jọ́ náà."

"Ọ̀tún ni, sà. Ẹ̀yìn ni mo ti ń wò ó."

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, wọ́n ki káàdì tó ti mọ́ náà bọ kọ̀ǹpútà. Ní ìjẹta kọ̀ǹpútà ń ráhùn. Lónìí kò sọ nǹkan kan. Kò mọ̀ pé wọ́n ki nǹkan kan bọ òun. Níbi tí wọ́n ti ń wo ara wọn ni fóònù dún. Arábìnrin Rónkẹ́ ni, aṣojú àjọ àgbà Ìkòyí, ó ní àwọn á dé lọ́la ní agogo mọ́kànlá. Alága yí ìdí lórí àga onígi rẹ̀, sọ́tùn-ún, sósì. Ó ní kí wọ́n pe Sàfúrátù wá.

Sàfúrátù dé pẹ̀lú Mama Àdìjátù, tó ní òun ò lè jẹ́ kí ọmọ òun dá wọ ihò kìnnìún. Wọ́n gbé káàdì fún un. Ó gbé e sún mọ́ imú.

"Kí ló ń rùn báyìí? Ọṣẹ ni?"

"A fọ̀ ọ́ ni," ni Bashiru wí, ó ń wolẹ̀.

"Ẹ fọ kí ni?"

Mama Àdìjátù di férémù ilẹ̀kùn mú kí ẹ̀rín má baà gbé e ṣubú. "Lùkúmọ̀n! Ìwọ ọmọ Jimoh tí mo pọ̀n lọ sí yídì! Ìwọ tí o kì í wẹ̀ àfi bí wọ́n bá lé ọ yí agbo ilé po! Ìwọ lo wá ń fọ káàdì?"

"Mama, ọ́fíìsì ìjọba la wà o."

"Mo mọ̀. Òun ni mo ṣe wọ bàtà."

Sàfúrátù ní omi nìkan kì í pa káàdì, bí wọn ò bá ti fi iná kàn án, tí ó bá gbẹ dáadáa níwájú fáànù, ó lè jí. Bashiru yọ wáyà áyọ́ọ̀nù tó ti ń gbóná de káàdì kúrò lára ògiri jẹ́ẹ́jẹ́.

"Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù mi ló máa sùn," ni Sàfúrátù wí. "Bí ṣọ́ọ̀bù ò bá ṣí, kò níbi tó máa sùn."

Ó dun Alága dé egungun, ṣùgbọ́n ó ju kọ́kọ́rọ́ àgádágodo sórí tábìlì. "Ó ṣí di ọ̀la. Bí ojú mi ò bá jáde lọ́la níwájú àwọn àlejò, ṣọ́ọ̀bù yẹn kò ní ṣí mọ́ láéláé, kámẹ́rà rẹ á sì di ti àjọ."

Sàfúrátù mú kọ́kọ́rọ́. "Àlàájì, mo ní ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ bá yín sọ ní kọ̀rọ̀."

"Alága kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ kọ̀rọ̀. Sọ ọ́ síta."

"Ó dáa. Ẹ̀rọ tí mo fi ń wá fọ́tò kò mọ èyí tẹ́ ẹ fẹ́ yàtọ̀ sí èyí tẹ́ ẹ ní kí n pa rẹ́. Àwọn tí mo pa rẹ́, orúkọ wọn nìkan ló kúrò níwèé, ara wọn ṣì wà nílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wá wọn nílé, kí n ṣà wọ́n, kẹ́ ẹ tó fi han àlejò."

Ẹ wo obìnrin yìí! Ẹni tó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa lójú rẹ̀ ló tún ń yọ nínú ihò. Ṣùgbọ́n Alága bú sẹ́rìn-ín.

"O fẹ́ rí ojú mi kí àwọn ará Ìkòyí tó rí i? Ohun tí mo bá ti ní kó rẹ́, ó ti rẹ́. N kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì fún ènìyàn, ṣé ike ni mo fẹ́ wá sọ ọ́ fún lẹ́ẹ̀mejì? Bashiru, kọ ọ́ sílẹ̀! Gbogbo fọ́tò inú káàdì náà, láìku ẹyọ kan, ni yóò jáde ní gbangba, bí wọ́n ṣe tò tẹ̀lé ara wọn. Ọba kì í kọ́kọ́ jáde ní kọ̀rọ̀."

Ó fọwọ́ sí i, ó lu òǹtẹ̀ méjì. Sàfúrátù ká ìwé náà sí mẹ́rin, ó sì fi í sápò.

Ọjọ́bọ̀ pé. Gbọ̀ngàn kan ní Ẹnu Ọ̀wá ni wọ́n lò. Wọ́n ta aṣọ funfun sí iwájú, wọ́n fi aṣọ dúdú dí fèrèsé kí fọ́tò lè hàn. Ogún obìnrin jókòó, àdúgbò dúró kún ẹ̀yìn. Arábìnrin Rónkẹ́ wọlé pẹ̀lú ìwé kékeré kan àti báírò, obìnrin jẹ́ẹ́jẹ́ tí kì í fi ohùn ṣòfò. Alága fi ohùn ṣòfò fún àwọn méjèèjì.

"Kí ni obìnrin láìsí abẹ́rẹ́? Kí ni abẹ́rẹ́ láìsí òwú? Mo sì bi yín, ẹ̀yin ènìyàn mi, kí ni òwú láìsí Alága?"

Bashiru nìkan ló pàtẹ́wọ́. Sàfúrátù ti ki káàdì bọ kọ̀ǹpútà. Ó ti gbẹ, ó ti jí. Ó kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà gbogbo inú rẹ̀ kí ó má baà fọwọ́ kan ojúlówó. Lẹ́yìn náà ló ní kí kọ̀ǹpútà máa kanlẹ̀kùn. Fọ́tò àkọ́kọ́ yọ lára aṣọ funfun: Alága, obìnrin kan, ẹ̀rọ kan. Ojú Alága mọ́ kedere, eyín rẹ̀ méjìlélọ́gbọ̀n pé. Gbọ̀ngàn hó. Alága bẹ̀rẹ̀ sí í yí ìdí lórí àga rẹ̀, sọ́tùn-ún, sósì.

Fọ́tò kejì yọ. Bashiru ni, ó gbé ẹ̀rọ rù, ó ń gba ẹ̀yìn ilé lọ.

Ìdí Alága dúró sójú kan.

"Ìyẹn... ìyẹn ni akọ̀wé mi. Ó ń bá obìnrin náà gbé e délé."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Arábìnrin Rónkẹ́ wí, ó kọ nǹkan sílẹ̀.

Fọ́tò kẹta: Alága, obìnrin kejì, ẹ̀rọ. Fọ́tò kẹrin: Bashiru tún gbé ẹ̀rọ rù, ó ti tú bọ́tìnnì ọrùn. Fọ́tò kẹfà: Bashiru, aṣọ ti lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn.

"Akọ̀wé yín yára o," ni Arábìnrin Rónkẹ́ wí. "Ó tètè ń ti ilé dé."

Ní fọ́tò kẹwàá, Bashiru ti bọ́ṣọ, síńgílẹ́ẹ̀tì ló kù. Ní ìkẹrìnlá, ó jókòó sórí ẹ̀rọ, ó ń mu omi. Àwọn obìnrin ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi orin kà á: "Bashiru ń lọ, Bashiru ń bọ̀!" Alága ń nu ojú. Ó rí àga Ìkòyí lọ́kàn rẹ̀, ó ń yí po, ó ń yí lọ.

Nígbà náà ni fọ́tò Mama Àdìjátù yọ. Ẹ̀rọ wà láàárín bí ẹran iléyá tí àbúrò àti ẹ̀gbọ́n ń jà sí, ìyá àgbà lápá kan, Alága lápá kejì, fìlà nílẹ̀, ẹnu ní ṣíṣí. Gbogbo ilé wó lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Ẹnì kan tó wà lẹ́yìn kígbe pé, "Ìrọ̀rí àwọn opó!"

"Pa kọ̀ǹpútà yẹn!" ni Alága bú ramúramù.

Sàfúrátù tú ìwé rẹ̀ jáde, ó kà á ketekete. "Gbogbo fọ́tò, láìku ẹyọ kan, ní gbangba. Òǹtẹ̀ méjì ló wà níbí, Àlàájì."

"Bashiru, pa iná! Pa iná!"

Bashiru sáré pa iná. Gbọ̀ngàn ṣókùnkùn biribiri, fọ́tò náà sì mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní ìlọ́po méjì. Ahọ́n Alága pàápàá ti wá hàn.

Nínú òkùnkùn yẹn ni ohùn Arábìnrin Rónkẹ́ ti dún, jẹ́ẹ́jẹ́. "Àlàájì, ẹ̀rọ mélòó lẹ pín?"

"Ogún!"

"Mélòó ni mo ń wò?"

"Ọ̀kan ni, ṣùgbọ́n ó jáde nígbà ogún."

"Mọ́kàndínlógún tó kù ńkọ́?"

Ẹ̀yin ènìyàn, ọgbọ́n tán. Alága la ẹnu bó ṣe là á nínú fọ́tò. "Káàdì ló jẹ wọ́n! Gbogbo wa la mọ̀ pé káàdì náà bàjẹ́. Bó ṣe ba fọ́tò jẹ́ náà ló ba àwọn ẹ̀rọ jẹ́."

Wọ́n tan iná. Àwọn obìnrin kan ti jókòó sílẹ̀, wọn ò lè dìde mọ́. Alága yíjú sí ẹni kan ṣoṣo tó kù fún un láyé. "Bashiru, ṣàlàyé fún wọn!"

"Mo fara mọ́ ọn, sà."

"Kí lo fara mọ́?"

"Ohun tí fọ́tò sọ." Bashiru fọwọ́ ra ọrùn rẹ̀. "Ìgbà ogún ni mo gbé e. Ọrùn mi ò tíì tọ́. Àwọn tó kù wà nílé àna yín, ilé kẹta sí ibí, lábẹ́ tapólì. Èmi ni mo kó wọn wọlé. Ẹ jẹ́ ká lọ, n ó fi hàn yín."

Gbogbo gbọ̀ngàn dìde bí ẹni pé wọ́n pe ìrun. Àwọn àgbà ní bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Irọ́ Alága ò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ Ajé ló gbéra, Ọjọ́bọ̀ ni òtítọ́ bá a, òtítọ́ ò tilẹ̀ sáré. Kí wọ́n tó pe ìrun ọ̀sán, obìnrin kọ̀ọ̀kan ti gba ẹ̀rọ tirẹ̀, Sàfúrátù sì ti ya ogún fọ́tò mìíràn. Lẹ́yìn èyí tó kẹ́yìn, ó dúró de iná pupa títí iná náà fi kú. Arábìnrin Rónkẹ́ náà dúró tì í, ó ń dúró dè é. Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ àgádágodo. Ìwé tó ti Ìkòyí dé lọ́sẹ̀ kejì kò ju ìlà mẹ́ta lọ: àga Ìkòyí ti rí ẹlòmíràn, kí Àlàájì sì kó ẹrù rẹ̀ kúrò lórí ti Olówógbowó.

Oṣù kan kọjá. Mama Àdìjátù ti gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń rán aṣọ fún àdúgbò, nítorí iṣẹ́ tó ṣe nígbà tó wà ní ọmọge nìyẹn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọkùnrin kan wọlé pẹ̀lú àpò ọ̀rá lábẹ́ apá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ kúuṣẹ́, Mama."

"Lùkúmọ̀n. Dìde. Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, mà." Ó tú àpò. Agbádá kan ló wà nínú rẹ̀, aṣọ olówó iyebíye, ó fẹ̀ débi pé ó bo ẹ̀rọ, ó bo ìjókòó, ó tún wọ́ délẹ̀. "Mo rán an de Ìkòyí ni. Wọ́n ní àga yẹn ń yí po, mo ní kí télọ̀ ṣe é kó fẹ̀, kó lè bo gbogbo rẹ̀ bí mo bá ń yí."

Mama Àdìjátù fọwọ́ kan aṣọ náà. Kò rẹ́rìn-ín. Àgbà ni. "Kí ni kí n sọ ọ́ dà?"

"Bùbá, mà. Èyí tí mo lè wọ lọ sí Jímọ̀, kí n sì jókòó sáàárín èrò."

Ó dìde, ó mú téèpù, ó wọn èjìká rẹ̀, ó wọn àyà, ó wọn apá, ó ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí aṣọ. Ọkùnrin náà dúró gbọnrangandan bí ọmọ tí wọ́n ń múra ọdún fún. Nígbà tí ó rí ibi tí sísọ́ọ̀sì ń lọ, ara rẹ̀ ò gbà á.

"Mama, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ kó tóbi díẹ̀ sí i, ní èjìká níbẹ̀."

Mama Àdìjátù yọ píìnì kúrò láàárín eyín.

"Mo ti wọ̀n ọ́, ọmọ Jimoh. Bí o ṣe tó gan-an ni mo máa rán an."